Bí A Ṣe Ń To Wókítókí àti Rìpítà, àti Bí A Ṣe Ń Wá Ibi Tí Àṣìṣe Wà

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni Yorùbá ń pe rédíò tí a fi ń gbọ́ ìròyìn, nítorí pé ó ń bá wa sọ̀rọ̀ láìlè gbọ́ èsì wa. Wókítókí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ, ó sì ń gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Níwọ̀n ìgbà tí ìka ẹni bá ṣì wà lórí bọ́tìnnì ìsọ̀rọ̀, etí rédíò náà di, ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ kò sì lè mọ̀ bóyá ohùn òun ń dé ibi tí ó rán an lọ. Láti inú ìwà yìí ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìdààmú àwọn tí ó ń lo rìpítà ti ń wá: olùsọ̀rọ̀ kì í gbọ́ àṣìṣe ara rẹ̀, ẹlòmíràn ni ó máa ń gbọ́ ọ.

Rìpítà fúnra rẹ̀ jẹ́ rédíò tí a gbé sí ibi gíga, tí ó ń gbọ́ lórí fíríkúẹ́ńsì kan, ìyẹn ipò ìgbì rédíò tí a ń fi Hz, kHz tàbí MHz wọ̀n, tí ó sì ń tún ohun tí ó gbọ́ sọ lójú ẹsẹ̀ lórí fíríkúẹ́ńsì mìíràn. Ó ń sọ, ó sì ń gbọ́ papọ̀, ìdí nìyí tí ó fi gba ìtọ́jú ju rédíò ọwọ́ lọ. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ìrìn-àjò ohùn ní nígbà tí a bá gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀: ó ń gòkè láti ọwọ́ olùsọ̀rọ̀ dé rìpítà, ó ń gba inú rìpítà kọjá, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ olùgbọ́. Gbogbo ohun tí mo bá sọ nísàlẹ̀ dá lórí kí a kọ́kọ́ mọ èyí tí ó kùnà nínú ẹsẹ̀ mẹ́ta yìí kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, nítorí pé ẹni tí ó bá yí nǹkan mẹ́rin padà lẹ́ẹ̀kan náà lè mú rédíò náà ṣiṣẹ́ lónìí, kò sì ní mọ ohun tí yóò ṣe nígbà tí ó bá tún dákẹ́ lọ́la.

Àṣẹ lábẹ́ òfin

Ọ̀rọ̀ òfin kò gùn, ṣùgbọ́n òun ni ó ṣáájú. Ní Amẹ́ríkà, ètò méjì tí a ń pè ní FRS àti GMRS jọ ń lo ìkànnì 22 kan náà ní agbègbè 462 MHz àti 467 MHz. FRS kò béèrè ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n áńtẹ́nà rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣeé yọ, agbára rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju wáàtì 2 lọ, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti lo rìpítà. GMRS ni ó ní rìpítà. Ọ̀dọ̀ FCC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń ṣàkóso rédíò, ni a ti ń gba ìwé àṣẹ rẹ̀ láìṣe ìdánwò, owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 35, ọdún 10 ni ó ń lò, ó sì bo àwọn ará ilé ẹni tí ó gbà á. Ẹni tí ó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ máa dárúkọ àmì ìpè rẹ̀, ìyẹn orúkọ tí a fi dá a mọ̀ lórí rédíò, ní ìṣẹ́jú 15 sí ìṣẹ́jú 15 bí ọ̀rọ̀ bá gùn, àti nígbà tí ọ̀rọ̀ bá parí. Ní Yúróòpù, ètò rédíò ọwọ́ tí a ń pè ní PMR446 ní ìkànnì 16 láàárín 446.0 MHz àti 446.2 MHz, pẹ̀lú ìdajì wáàtì péré àti láìsí ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún rìpítà nínú rẹ̀ rárá. Àwọn tí ó ń ṣe rédíò nítorí ìfẹ́ tí wọ́n ní sí i, tí a ń pè ní ham, máa ń ṣe ìdánwò kí wọ́n tó gba àmì ìpè tiwọn, wọ́n sì ní rìpítà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíríkúẹ́ńsì.

Pé rédíò kan lè sọ̀rọ̀ lórí fíríkúẹ́ńsì kan kì í ṣe ẹ̀rí pé òfin fún wa láyè níbẹ̀. Bákan náà, gbogbo rìpítà ni ó ní ẹni tí ó ni ín, tí ó ń san owó iná rẹ̀, tí ó sì ń gun òpó nítorí rẹ̀. Ó tọ́ kí a béèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún kí a tó máa lò ó, òun náà ni yóò sì sọ gbogbo nọ́ńbà tí a nílò fún wa lọ́nà tí ó pé.

Gíga ṣáájú agbára

Àwọn ìgbì tí a ń lò yìí kì í tẹ̀lé ìtẹ̀ ilẹ̀ jìnnà; níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ̀ sísàlẹ̀, ṣe ni wọ́n ń kọjá lọ sí òfurufú. Ìṣirò kan wà tí mo máa ń fẹ́ kí ẹni tí ó fẹ́ ra rédíò ṣe kí ó tó náwó. Ẹ wá nọ́ńbà tí a lè sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ kí ó tó fún wa ní gíga áńtẹ́nà ní mítà, kí ẹ wá fi 4.12 sọ nọ́ńbà náà di púpọ̀. Èsì rẹ̀ ni iye kìlómítà tí ojú áńtẹ́nà náà dé lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Rédíò tí a mú sí ẹnu, tí ó ga ní mítà 1.5 sílẹ̀, ń rí nǹkan bíi kìlómítà 5. Èèyàn méjì tí ó dúró lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ lè gbọ́ ara wọn ní nǹkan bíi kìlómítà 10 bí kò bá sí ohun tí ó dí wọn lójú, ilé àti igi àti òkè yóò sì yọ púpọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí áńtẹ́nà rìpítà bá wà ní mítà 30 sókè, òun nìkan rí nǹkan bíi kìlómítà 23, a sì fi 5 ti ọwọ́ wa kún un, ó di 28. Nọ́ńbà ńlá tí a ń kọ sí ara páálí rédíò dá lórí ẹni tí ó dúró lórí òkè gíga tí ó ń bá ẹni tí ó wà ní àfonífojì sọ̀rọ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ra rédíò.

Wáyà áńtẹ́nà ni ohun kejì tí àwọn ènìyàn kì í fiyè sí. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a mọ̀ sí RG-58, bí ó bá gùn tó mítà 30, ń gbé nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá agbára mì ní agbègbè 460 MHz. Ẹni tí ó ra rédíò wáàtì 50 tí ó sì so ó mọ́ wáyà yìí ń gbé wáàtì 5 dé orí òpó, èyí tí rédíò ọwọ́ fúnra rẹ̀ ní tẹ́lẹ̀. Wáyà LMR-400 tí ó gùn bákan náà yóò jẹ́ kí agbára tí ó lé díẹ̀ ní ìdajì débẹ̀. Ohun tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé wáyà kan náà ni ohùn tí ń bọ̀ láti òkèèrè ń gbà wọlé, wáàtì tí a fi kún agbára wa kò sì lè ran etí rédíò lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá béèrè pé owó tí ó kù lọ́wọ́ yín, ẹ ná an sórí gíga áńtẹ́nà àti ìwọ̀n wáyà, kí ẹ tó ronú kan rédíò tí ó lágbára sí i.

Títo rédíò fún rìpítà

Nǹkan márùn-ún ni a gbọ́dọ̀ mọ̀: fíríkúẹ́ńsì tí rìpítà ń sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí í ṣe ibi tí àwa yóò ti máa gbọ́, fíríkúẹ́ńsì tí òun ń gbọ́, èyí tí í ṣe ibi tí àwa yóò máa sọ̀rọ̀ sí, tóònù tí ó ń béèrè lọ́wọ́ wa, tóònù tí òun fúnra rẹ̀ ń fi ránṣẹ́, bí ó bá ní, àti bóyá ìkànnì náà fẹ̀ tàbí ó há, ìyẹn 25 kHz tàbí 12.5 kHz. Nínú ètò GMRS, fíríkúẹ́ńsì mẹ́jọ ni rìpítà ń lò láti 462.550 MHz dé 462.725 MHz, àlàfo 25 kHz sì wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ibi tí àwa ń sọ̀rọ̀ sí fi 5 MHz ga ju ibi tí a ti ń gbọ́. Bí rìpítà bá ń sọ̀rọ̀ lórí 462.675, orí 467.675 ni etí rẹ̀ wà. Lórí 144 MHz tí àwọn ham ń lò, ìyàtọ̀ náà sábà máa ń jẹ́ 600 kHz, sókè tàbí sísàlẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ yan ìhà rẹ̀ nínú mẹ́nù, nítorí pé rédíò tí ó mọ iye ìyàtọ̀ tí kò sì mọ ìhà rẹ̀ yóò máa sọ̀rọ̀ sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni.

Tóònù tí mo dárúkọ yìí ni àwọn ìwé ìlànà ń pè ní CTCSS. Ó jẹ́ ohùn jẹ́jẹ́ kan tí ó wà láàárín 67.0 Hz àti 254.1 Hz, tí ó ń lọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ wa ní gbogbo ìgbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì, tí rédíò tí ó gbà á sì ń sẹ́ ẹ kúrò kí ó tó dé etí olùgbọ́. Kọ́kọ́rọ́ ni ó jẹ́ fún rìpítà: bí kò bá gbọ́ tóònù tirẹ̀, kò ní ṣílẹ̀kùn. Irú kejì ń jẹ́ DCS, òun sì ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ dípò ohùn. Ó ṣeni láàánú pé àwọn kan ń kọ ọ́ sí ara páálí pé tóònù yìí ń bo ọ̀rọ̀ mọ́. Kò bo ohunkóhun. Ẹni tí ó bá pa tóònù tirẹ̀ tì ń gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ọ̀rọ̀ àṣírí lórí rẹ̀.

Kí ẹ máa fi Hz kọ tóònù sílẹ̀, ẹ má fi nọ́ńbà mẹ́nù kọ ọ́. Rédíò kan lè pe 141.3 Hz ní 22 kí òmíràn pe tóònù yẹn gan-an ní 23, nítorí pé ó fi 69.3 Hz sínú àkójọ tirẹ̀ tí èkíní kò fi í sí i. Mo ti rí àwọn méjì tí wọ́n jókòó sínú yàrá kan náà, tí rédíò àwọn méjèèjì ń fi nọ́ńbà kan náà hàn, tí wọn kò sì gbọ́ ara wọn.

Bí a bá ti ní nọ́ńbà márààrún, ẹ má ṣe tẹ gbogbo rẹ̀ sínú rédíò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ tẹ fíríkúẹ́ńsì ìgbọ́ nìkan, kí ẹ pa tóònù ìgbọ́ tì, kí ẹ sì ṣí squelch, ìyẹn ẹnubodè tí ó ń sé ariwo mọ́, sílẹ̀ dé ìwọ̀n kékeré. Ẹ fetí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ènìyàn tàbí tí ẹ gbọ́ tí rìpítà dárúkọ ara rẹ̀, ẹsẹ̀ kẹta ìrìn-àjò náà ti dára, ìyẹn ìsọ̀kalẹ̀ ohùn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ìyàtọ̀ fíríkúẹ́ńsì àti ìhà rẹ̀ sí i, kí ẹ sì fi tóònù ìsọ̀rọ̀ sí i kẹ́yìn. Tóònù ìgbọ́, ẹ fi í sílẹ̀ ní pípa títí gbogbo nǹkan yóò fi yanjú. Kò sí ohun kan tí ó ń tan ẹni tuntun jẹ tó o, torí pé tí ó bá ṣì, rédíò yóò dákẹ́ bí ẹni pé kò sí ohun kan lójú òfurufú. Ẹ wá fi ìkànnì náà pamọ́ sínú mémórì rédíò. Ọ̀pọ̀ rédíò ni kò ní rántí tóònù tí a fi sí i lẹ́yìn tí a ti pa ìkànnì náà mọ́, àfi tí a bá tún un pamọ́.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹ dúró fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ẹ dárúkọ àmì ìpè yín, ẹ sọ pé ẹ ń dán rédíò wò, kí ẹ sì tú u sílẹ̀. Bí rìpítà bá gbọ́ yín, kò ní pa lójú ẹsẹ̀; yóò dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì kí ó tó pa, ariwo kékeré kan yóò sì dún nígbà tí ó bá pa. Ìrù rìpítà ni a ń pe ìdúró yìí, òun sì ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ pé ilẹ̀kùn ṣí. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tí mo ní kí ẹ dúró kì í ṣe àṣejù: rìpítà nílò àkókò láti dá tóònù mọ̀ kí ó tó ṣí, ẹni tí kò bá sì dúró yóò máa pàdánù ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ orúkọ ẹni tí ó ń pè.

Nígbà tí rédíò wa kò bá dé

Ẹ jẹ́ kí a mú un ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn ẹlòmíràn bá ń gbọ́ rìpítà tí àwa kò sì gbọ́ ohunkóhun, ìsọ̀kalẹ̀ ohùn ni ó kùnà. Ẹ pa tóònù ìgbọ́ tì, ẹ dín squelch kù, ẹ wò ó bóyá áńtẹ́nà fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí ẹ sì rí i pé fíríkúẹ́ńsì ìgbọ́ àti ti ìsọ̀rọ̀ kò gba ipò ara wọn. Èyí kì í pẹ́ yanjú.

Bí a bá ń gbọ́ gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n tí a tẹ bọ́tìnnì tí kò sí ìrù, ìgòkè ohùn ni. Níbí ni rédíò kejì ti wúlò gan-an. Ẹ to rédíò kejì sí fíríkúẹ́ńsì tí rìpítà ń gbọ́, ìyẹn 467.675 nínú àpẹẹrẹ wa, láìsí tóònù, kí ẹlòmíràn sì mú un rìn jìnnà díẹ̀ sí yín. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ lórí ìkànnì rìpítà tí ó sì gbọ́ yín, ìyàtọ̀ fíríkúẹ́ńsì yín tọ̀nà. Kí ó wá fi tóònù náà sí ìgbọ́ tirẹ̀. Bí ó bá ṣì ń gbọ́ yín, tóònù yín tọ̀nà pẹ̀lú, ohun tí ó kù kò ju agbára, áńtẹ́nà, tàbí ibi tí ẹ dúró sí lọ. Bí ó bá dákẹ́ nígbà tí ó fi tóònù sí i, ẹ ti rí àṣìṣe yín. Bí DCS ni ẹ ń lò, ẹ rántí pé ó ní ọ̀nà títọ̀ àti ọ̀nà òdì, tí mẹ́nù ń fi N àti I hàn, a sì máa ṣì wọ́n mú.

Àṣìṣe kan wà nínú ìdánwò yìí tí ó ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn dá rìpítà tí ara rẹ̀ le lẹ́bi. Wọ́n á gbé rédíò méjì sórí tábìlì kan, wọ́n á fi ọ̀kan sọ̀rọ̀ sí rìpítà, wọ́n á sì retí kí èkejì gbé ohùn náà jáde. Rédíò wáàtì 5 tí ó wà ní ìwọ̀n apá kan sí èkejì ń di í ní etí pátápátá, bí fíríkúẹ́ńsì wọn tilẹ̀ fi 5 MHz jìnnà síra. Kì í ṣe pé rìpítà kò sọ̀rọ̀, rédíò kejì ni kò lè gbọ́ ọ. Ẹ jìnnà síra yín, ó kéré tán kí ilé kan wà láàárín yín, kí ẹ sì dín agbára rédíò kù.

Bí ìrù bá dún ṣùgbọ́n tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ohùn yín ń já tàbí pé ariwo bò ó, ilẹ̀kùn ṣí ṣùgbọ́n agbára tí ó ń dé ibẹ̀ kò tó. Ẹ gbé áńtẹ́nà dúró ṣánṣán, torí pé áńtẹ́nà rìpítà dúró bẹ́ẹ̀, èyí tí ó bá sì dùbúlẹ̀ ń pàdánù púpọ̀. Ẹ gbé rédíò kúrò ní ìgbáròkó, nítorí ara ènìyàn ń gba ìgbì mọ́ra. Kí ẹ sì sún ní ìṣísẹ̀ kan kúrò níbi tí ẹ dúró sí. Gígùn ìgbì kan ní 467 MHz jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 64, ìgbì tí ó sì kọlu ògiri tí ó padà lè pa èyí tí ó ń lọ tààrà lára ní ibi kan, kí ó sì ràn án lọ́wọ́ ní ibi tí kò tó ìdajì mítà sí i. Ibi tí ohùn bá ti dára, ẹ dúró níbẹ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi tán.

Bí ohùn bá mọ́ ṣùgbọ́n tí ó kéré jù, ẹ wo fífẹ̀ ìkànnì. Rédíò tí a tò sí híhá máa ń dún jẹ́jẹ́ lórí rìpítà tí ó fẹ̀, èyí tí a sì tò sí fífẹ̀ máa ń fọ́ lórí èyí tí ó há. Bí rédíò bá ń kú tàbí tí ó ń tan ara rẹ̀ padà ní kété tí a bá tẹ bọ́tìnnì, bátìrì ni. Agbára tí rédíò ń lò láti gbọ́ kéré gan-an, ṣùgbọ́n láti fi wáàtì 5 sọ̀rọ̀, ó lè fa ju áńpíà kan àtààbọ̀ lọ, bátìrì tí ó ti gbó yóò sì fi ara rẹ̀ hàn ní kíkún títí a ó fi béèrè iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ọkọ̀, rédíò wáàtì 50 ń fa áńpíà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ fa wáyà rẹ̀ tààrà láti orí bátìrì ọkọ̀, kí ó nípọn, kí fíúsì sì wà nítòsí bátìrì náà. Ihò tí a fi ń tan sìgá kò lè ru ẹrù yẹn. Bí àwọn olùgbọ́ bá ń sọ pé ohùn kan ń hu lábẹ́ ọ̀rọ̀ yín, tí ó sì ń ga sí i bí ẹ bá ṣe ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́ iná ọkọ̀, láti ara alternator, ìyẹn ẹ̀rọ tí ó ń pèsè iná fún ọkọ̀, ni ó ti ń wá, wáyà tààrà yìí ni ó sì sábà máa ń tún un ṣe.

Rìpítà fúnra rẹ̀

Ibí ni ó le jù, ibí sì ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ ro ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ yìí: lórí áńtẹ́nà kan ṣoṣo, ó ń fi wáàtì 50 kígbe, ó sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn tí kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù fóòltì kan ní àkókò kan náà. Duplexer ni ó mú kí èyí ṣeé ṣe. Ó jẹ́ àpótí onírin tí ihò ńláńlá wà nínú rẹ̀, tí a yí ihò kọ̀ọ̀kan sí fíríkúẹ́ńsì tirẹ̀, kí igbe má baà wọ inú etí. Fíríkúẹ́ńsì méjì kan pàtó ni a ń yí i sí. Bí ẹ bá pààrọ̀ fíríkúẹ́ńsì rìpítà, a gbọ́dọ̀ tún un yí pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwọ̀n, mo sì bẹ ẹnikẹ́ni tí kò ní ẹ̀rọ náà pé kí ó má ṣe fọwọ́ kan àwọn ọ̀pá orí rẹ̀.

Àìsàn tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí rìpítà máa di ara rẹ̀ ní etí, èyí tí a ń pè ní desense. Ẹ ó mọ̀ ọ́n nípa èyí: rìpítà ń dún ketekete dé ibi jíjìnnà, ṣùgbọ́n kò gbọ́ àwọn tí ó jìnnà, tàbí kí ohùn aláìlágbára ṣí ilẹ̀kùn, kí ó pa, kí ó tún ṣí, kí ó tún pa, léraléra. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí ó dákẹ́, ó gbọ́ ohùn náà, bí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, igbe ara rẹ̀ bo ohùn náà, ó pa, ó sì tún gbọ́ ọ. Láti dán an wò, kí ẹnìkan lọ sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti ń wọlé pẹ̀lú ariwo díẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí ẹ̀rọ ìgbọ́ rìpítà fúnra rẹ̀ nígbà tí a pa ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì tan án. Bí ariwo bá pọ̀ sí i tàbí tí ohùn náà pòórá, desense wà.

Ẹ wá yọ wáyà áńtẹ́nà kúrò lẹ́yìn duplexer, kí ẹ fi dummy load sí ipò rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí ó ń sọ agbára di ooru láìjẹ́ kí ó jáde sínú afẹ́fẹ́, kí ẹ sì tún ìdánwò náà ṣe pẹ̀lú ohùn kékeré tí ẹ rọra fi sí i láti ìtòsí. Bí àìsàn náà bá lọ, áńtẹ́nà tàbí wáyà òkè ni ó ń dá ariwo sílẹ̀. Bí ó bá ṣì wà, inú ilé ni ọ̀tá wà: duplexer, àwọn wáyà kúkúrú tí ó so nǹkan pọ̀, tàbí àpótí rédíò fúnra rẹ̀. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo yìí ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ gígun òpó lásán. Èmi náà ti lo ọjọ́ méjì lórí rìpítà kan tí mo ti pààrọ̀ rédíò rẹ̀, kí n tó rí i pé wáyà kan tí kò gùn ju apá mi lọ, tí bàbà ẹnu rẹ̀ ti tú, ni ó ń fa gbogbo rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọwọ́ pàtàkì mú wáyà kúkúrú. Ẹ lo èyí tí bàbà híhun bò ní ìpele méjì, bíi RG-400 tàbí RG-223, kí ẹ má sì so ẹnu kan mọ́ ẹnu mìíràn pẹ̀lú àwọn ìdè kéékèèké lọ́pọ̀lọpọ̀. LMR-400 tí mo yìn lókè dára fún ilé àti fún ọkọ̀, ṣùgbọ́n lórí rìpítà, bébà alumíníọ̀mù inú rẹ̀ àti bàbà híhun tí ó fara kàn án lè máa ra ara wọn nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń mì í, kí ó sì dá ariwo sílẹ̀ lábẹ́ agbára ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀. Wáyà líle tí bàbà rẹ̀ jẹ́ odindi ni ó yẹ kí ó gun òpó.

Òṣùwọ̀n SWR ń sọ iye agbára tí áńtẹ́nà dá padà fún wa. Bí ó bá jẹ́ 1.5, ìdá 4 nínú 100 ni ó padà, kò sì sí ewu níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 2, ó di ìdá 11. Ní 3, ìdá 25 ni, ẹ wá ohun tí ó fà á kí ẹ tó tún sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ó dára nísàlẹ̀ òpó lè jẹ́ irọ́. Wáyà tí omi ti wọ̀ ń gbé agbára mì nígbà tí ó ń lọ àti nígbà tí ó ń padà, nítorí náà òṣùwọ̀n kò ní rí ohun tí áńtẹ́nà dá padà. Bí rìpítà bá ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti oṣù sí oṣù tí SWR rẹ̀ sì dára sí i, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Téèpù rọ́bà tí ó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ ni kí a fi wé gbogbo ẹnu wáyà tí ó wà níta, kí a tẹ wáyà náà sísàlẹ̀ díẹ̀ kí ó tó wọlé kí omi lè kán síbẹ̀, kí a sì lo ẹnu wáyà irú N dípò irú PL-259, nítorí pé ó ń sé omi mọ́ jù, ó sì yẹ fíríkúẹ́ńsì wọ̀nyí jù.

Ooru náà ń pa rìpítà. Àwọn rédíò ọkọ̀ méjì tí a so pọ̀ láti fi ṣe rìpítà ni a ṣe fún ẹni tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí ó sì ń gbọ́ púpọ̀, kì í ṣe fún ọ̀rọ̀ tí kì í dáwọ́ dúró. Ju ìdajì iná tí ó ń fà lọ ni ó ń di ooru. Ẹ dín agbára rẹ̀ sí ìdajì tàbí kí ó kéré sí i, ẹ fi fáànù sí i, kí ẹ sì to aago tí yóò gé ọ̀rọ̀ tí ó bá gùn jù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ rìpítà ń lò. Bí rìpítà bá gé yín lójijì láàárín ọ̀rọ̀ gígùn, aago yìí ni, kò sí ohun tí ó bàjẹ́: ẹ tú bọ́tìnnì sílẹ̀, ẹ dúró kí ìrù rẹ̀ tán kí aago náà lè padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí a tó gbé òpó kankan dúró, ẹ wò ó bóyá ó lè kan wáyà iná bí ó bá ṣubú sí ìhàkíhà. Bí ó bá lè kàn án, ẹ wá ibòmíràn. Ẹ so òpó mọ́ ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀pá irin tí a rì mọ́lẹ̀, ẹ fi ohun tí ń dènà mànàmáná sí ibi tí wáyà áńtẹ́nà ti ń wọlé, kí ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì so mọ́ ti iná ilé, nítorí pé ẹ́ẹ̀tì méjì tí kò so pọ̀ ń jẹ́ kí agbára mànàmáná gba inú rédíò kọjá láti ọ̀kan sí èkejì. Kí ẹnikẹ́ni má sì gun òpó tí rìpítà orí rẹ̀ ṣì wà ní títàn.

Ní ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ẹ tó palẹ̀ mọ́, ẹ kọ iye wáàtì tí ó ń jáde kúrò nínú rédíò sílẹ̀, iye tí ó kù lẹ́yìn duplexer, SWR, fóòltì iná nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀, àti ibi tí ó jìnnà jù tí rédíò ọwọ́ ti lè wọlé láìsí ariwo. Ẹ fi ìwé náà sínú àpótí rìpítà, kí ẹni tí yóò bá ṣí i lọ́dún mélòó kan sí i lè fi ti ọjọ́ yẹn wé ti tòní.